Balógun Ìwé Tí Ó Fi Màrìwò Dí Ọ̀nà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbéraga lè gbé ọmọ aráyé dé, kí ó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Kí ó gba ìlú Ará kọjá, kí ó dorí kọ ọ̀nà Ìjerò, kí ó sì yà sí òsì níbi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju iṣu lọ. Ibẹ̀ ni Òkè-Ìgbìn wà. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ogun ti kó gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ lọ sí bùdó. Àwọn àgbàlagbà àti obìnrin ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń roko, tí wọ́n ń mọ ìkòkò, tí wọ́n sì ń wo ojú ọ̀nà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò bèèrè ohun kan ju àlàáfíà lọ. Ẹni tí wọ́n rí gbà ni Jeremáyà Ògúngbèmí.

Ọmọ Òkè-Ìgbìn ni. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á títí ó fi dé Abẹ́òkúta, àwọn oníwàásù rà á padà níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílé ẹ̀kọ́. Èmi kì í fi ìyà ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ dé orí kọ́mà, àmì kékeré onírù tí a fi ń sinmi díẹ̀ nínú gbólóhùn, àìsàn kọlu olùkọ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì túká. Gbogbo ohun yòókù tó wà nínú ìwé, Jeremáyà kò bá a pàdé. Ṣùgbọ́n ó mọ kọ́mà. Ó mọ̀ ọ́n débi pé, nígbà tí ó di ọkùnrin tí ó sì padà wálé pẹ̀lú kóòtù dúdú, agboòrùn àti fìlà gíga kan, ó ti gbà pé kò sí ohun mìíràn tí ayé ṣe aláìní.

Ọba ìlú náà, Olókè, arúgbó tó fẹ́ràn ohun tuntun ni, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní òpè. Jeremáyà dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní:

“Kábíyèsí, aláṣẹ, ìkejì òrìṣà, ẹni tí ó jókòó, tí àga dúpẹ́, ẹni tí ó dìde, tí ilẹ̀ sunkún, mo rìn, mo rìn, mo rí ìlú ńláńlá, mo wo ohun tí ó gbé wọn ga, kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ẹṣin, kọ́mà ni,”

Ó dákẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ààfin ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ìdákẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rù fi mú Ọba, ó rò pé ọgbọ́n ni. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó fi í jẹ Balógun Ìwé. Balógun tòótọ́ wà ní bùdó, ó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Balógun Ìwé wà láàfin, ó ń jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ìgalà.

Wọ́n pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ẹnì kan sílẹ̀ láti kọ́ kọ́mà lójúde ààfin ní àràárọ̀. Nílé Àbẹ̀ní, kò sí ẹni tí wọ́n lè yọ ju Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ lọ. Ìkòkò ni ó ń mọ, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní, Ògúntóyìn, wà lójú ogun. Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn àgbà tó kù, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jeremáyà fi ṣóńṣó agboòrùn kọ̀wé sórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ní ibi tí òun ti wá, ẹnì kan kì í pe ẹni ńlá ní “ìwọ”. Ó ní “ẹ̀yin” ni kí wọ́n máa pe òun. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, “ìwọ” ni tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ẹlòmíràn dúró síbẹ̀.

“Ìwọ, Àbẹ̀ní, sọ gbólóhùn ojoojúmọ́ kan,”

“Mo gbé ùkòkò, uṣu, ùgbá àti ọsẹ wá sí ulé.”

“Kọ́mà dà,”

“Mo ti sinmi níbẹ̀.”

“N kò rí i,”

“Ẹnu mi ló sinmi. Kè é ṣe ojú rẹ.”

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn kò burú. Ó ní bí a bá ń ka ohun púpọ̀ tẹ̀ léra wọn, kí á fi kọ́mà sáàárín wọn. Bí a bá pe ènìyàn lórúkọ kí a tó bá a sọ̀rọ̀, kí kọ́mà tẹ̀ lé orúkọ náà. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó mú. Olùkọ́ tí ó ní làákàyè ì bá ní kí wọ́n máa lọ sóko. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ sóko, kí ni Balógun Ìwé yóò máa jẹ́ lọ́jọ́ kejì? Ìṣòro tí gbogbo oyè tí kò níṣẹ́ ń bá pàdé nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà yanjú rẹ̀ kò yàtọ̀: wọ́n á sọ iṣẹ́ di ńlá.

Ó sọ ọ́ di ńlá. Ó ṣòfin pé, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nílùú, tó bá dé kọ́mà, kí ó tẹ orí ba, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ka “kọ́mà” nínú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ kan rí ejò lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi,” ó sì tẹ orí ba. Ejò náà kò lọ sílé ẹ̀kọ́, kò dúró. Ọpẹ́ ni pé ibòmíràn ni ó ń lọ. Àwọn ìjòyè tó kù nílé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju àwọn lọ nínú ìpọ́nni. Ọ̀dọ̀fin, olórí wọn nínú iṣẹ́ yìí, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Jeremáyà láràárọ̀ pé, “Balógun, ìsinmi ẹnu wa, ọ̀pẹ̀lẹ̀ngẹ́ inú ìwé, ẹ jí bí?” Jeremáyà á ní, “Mo jí, mo sì tún jí,” wọ́n á sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí òjò ń pa àwọn kọ́mà orí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ rẹ́, ó wá àmì tí gbogbo ènìyàn lè rí. Ó wo ọ̀pẹ, ó rí màrìwò, ọ̀mùnú imọ̀ ọ̀pẹ tí ó rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù kọ́mà. Inú rẹ̀ dùn. Ó to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn, ó sì fi ẹni tó mú màrìwò lọ́wọ́ dúró sáàárín wọn. Àbẹ̀ní jẹ́ “iṣu” fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ògúnyẹmí, àgbà nínú àwọn tó ń bọ Ògún, rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Màrìwò laṣọ Ògún,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èyí tí ń bẹ lọ́wọ́, ewé ni. Kí ó ṣáà máà kúrò lọ́wọ́.” Gbogbo ìlú mọ ohun tí ó ń sọ. Bí a bá di màrìwò dábùú ọ̀nà, ọ̀nà náà ti di ti Ògún nìyẹn. Ọba kì í kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹrú kì í kọjá. Ẹni tí ó dì í nìkan ló lè tú u. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá, bí ó bá rí i, á padà sẹ́yìn. Jeremáyà ti kúrò nílé kí wọ́n tó kọ́ ọ, ohun tí a kò kọ́ ọ nílé ìwé kò sì jọ ìmọ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ìròyìn dé pé àwọn tó ń jagun ti fohùn ṣọ̀kan, pé bùdó ń tú. Àwọn ọmọ Òkè-Ìgbìn wà lọ́nà, wọ́n á wọlé lọ́túnla. Ẹni tó mú ìròyìn wá pe Àbẹ̀ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògúntóyìn wà láàyè, ṣùgbọ́n ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, àtẹ igi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gbé e bọ̀.

Àbẹ̀ní kò sunkún. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Erijiyan, ó mú Fásanmí wá, ẹni tí ó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ ìbọn. Ọkùnrin náà gbé ewé kaná, ó tẹ́ ẹní, ó ní, “Yèyé, bí ó bá tètè dé ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ náà á padà bọ̀ sípò. Oòrùn àti eṣinṣin ni ò gbọdọ̀ ṣáájú mi dé ibẹ̀.” Àbẹ̀ní ní kò ní pẹ́. Láti ẹnubodè sí ulé òun, kò ju kí ènìyàn jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ tán lọ.

Láàfin, Balógun Ìwé ń gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀.

“Kábíyèsí, àwọn akọni ń bọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n ya wọ̀lú bí ewúrẹ́, gbólóhùn ni ìwọ́de wọn yóò jẹ́, màrìwò kan lẹ́nubodè, wọ́n á dúró, n ó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ìkíni, màrìwò kejì lẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n á dúró, n ó sọ ìdajì kejì, àwọn ìyá yóò yọ̀ díẹ̀, wọn yóò sinmi, wọn yóò tún yọ̀ díẹ̀,”

Kábíyèsí ti sùn lọ láti ibi ewúrẹ́. Orí rẹ̀ mì lójú oorun. “Ọba ti gbà!” ni Ọ̀dọ̀fin ké, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ògúnyẹmí dìde. “Jeremáyà, má di màrìwò dábùú ọ̀nà o. Kè é ṣe eré. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà Ògún láìnídìí, ó ní ohun tí yóò fojú rí.”

“Bàbá, ọ̀làjú ti dé, ewé ọ̀pẹ ni, kọ́mà ni, àwọn òpè nìkan ló ń bẹ̀rù rẹ̀,”

Àbẹ̀ní náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ òun ni òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Jeremáyà rán an létí pé kò tẹ orí ba lẹ́yìn “díẹ̀díẹ̀”.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbà láti bá a di màrìwò. Àwọn ẹrú ààfin pàápàá sá lọ sódò. Ó dì í fúnra rẹ̀ ní ìdájí. Ó na ọ̀kan dábùú ẹnu ọ̀nà ààfin, ó na èkejì dábùú ẹnubodè, ó ta kókó lé kókó, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń ṣe nǹkan ní ìlàjì. Ó wá lọ wọ kóòtù rẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun yọ lọ́nà bí oòrùn ṣe ń gòkè. Wọ́n rù, wọ́n dúdú, wọ́n sì ń kọrin. Bí ẹni tó ṣíwájú ti rí màrìwò, orin kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìbọn kalẹ̀. Gbogbo wọn jókòó sórí eruku. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá kọ́mà sáyé, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ti bu ọlá fún un tó bẹ́ẹ̀.

Inú Jeremáyà dùn débi pé omi lé lójú rẹ̀. Ó ṣí agboòrùn, ó sì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó pe ogun ní “ìwé tí a fi ẹ̀jẹ̀ kọ”, ó pe ara rẹ̀ ní “ẹni tí ó fi sùúrù dúró nílé”. Ó wá na ọwọ́ sí wọn. “Ìsinmi ti parí, ẹ máa wọlé,”

Ẹnì kankan kò mira.

“Mo ní ẹ máa wọlé,”

Olórí wọn bi àwọn ará ilé léèrè pé, “Ta ló di ọ̀nà?”

“Èmi ni,” ni Jeremáyà wí, ó gbé àyà sókè. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì í,”

Kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́.

Ògúnyẹmí súnmọ́ ọn. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí a ti ń bá ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó sọ̀rọ̀. “O ti jẹ́wọ́. Bọ́ fìlà, bọ́ bàtà, bọ́ kóòtù. Fi orí kan ilẹ̀, kí o sọ fún Ògún pé o dí ọ̀nà láìnídìí, kí o bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ tú u. A kì í fi ọ̀bẹ gé e. Láti òní títí di ọdún Ògún, ìwọ ni yóò máa ro ọ̀nà yìí. Ẹni tí ń ro ọ̀nà Ògún kì í joyè.”

Gbogbo rẹ̀ ni Jeremáyà ì bá ṣe. Ìkúnlẹ̀ kò ṣòro fún un. Ó ti kúnlẹ̀ fún ohun tó kéré sí i. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò lè gbé mì.

“Kí ẹlòmíràn bá mi tú u,” ni ó wí.

Wọ́n ní kì í ṣeé ṣe.

“Kí wọ́n gba inú ugbó yí i po,”

Olórí ogun wò ó. “Ẹni tó bá ti ogun bọ̀, tó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ulú rẹ̀, ojo ni, tàbí òkú. A ti gbé òkú wa sin. A ò sì ṣojo.”

Àtẹ igi Ògúntóyìn wà nílẹ̀ lẹ́yìn màrìwò, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àbẹ̀ní ń rí ètè rẹ̀ tó bó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n eṣinṣin kò ka aṣọ sí. Fásanmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà pẹ̀lú ìkòkò ewé gbígbóná. Òun náà kò lè kọjá. Ó ń wo oòrùn.

Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ níwájú Jeremáyà. “Mo bẹ̀ ọ́. Tú u. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń bàjẹ́ lójú mi.”

“Yèyé, sùúrù, oyè kì í ṣe ohun tí a ń bọ́ sílẹ̀ wàràwàrà, ẹ jẹ́ kí á jíròrò,”

Ó sì jíròrò, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ó jíròrò! Inú mi ṣì ń ru bí mo ti ń sọ ọ́. Ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín màrìwò ìwé àti màrìwò òrìṣà. Ó dábàá pé kí wọ́n kà á sí pé òun ti tú u. Ó ní kí àwọn ìjòyè dìbò. Ọ̀dọ̀fin, tí ó ti ń pàtẹ́wọ́ láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ lẹ́yìn bí ẹni tí òógùn ń yọ lẹ́nu. Oòrùn dé àtàrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ògúntóyìn tó ń kérora tẹ́lẹ̀ kò kérora mọ́.

Nígbà náà ni ariwo sọ láti ààfin. Ìlú náà kéré. Bí wọ́n bá sín lẹ́nubodè, wọ́n á kí ọ láàfin. Kábíyèsí ti jí. Ó ti wọ ẹ̀wù oyè, ó ti dé adé, ó fẹ́ jáde lọ pàdé àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti bá màrìwò lẹ́nu ọ̀nà òun fúnra rẹ̀.

“Ta ló sé ọba mọ́ ulé?” ni ó ń ké. “Mo ní ta ni?”

“Balógun Ìwé ni, Kábíyèsí!” Ọ̀dọ̀fin ló kọ́kọ́ dáhùn. Ohùn rẹ̀ já geere, kò tẹ orí ba níbì kankan. “A ti bá a wí títí, kò gbọ́!”

“Kò sí Balógun kankan níbẹ̀! Mo gba oyè mi! Kí Ògúngbèmí wá ṣí ọ̀nà!”

Wọ́n gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á ni Ọ̀dọ̀fin.

Jeremáyà wo ọwọ́ òfìfo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí ohun kan mọ́ tí yóò pàdánù, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù. Ó fi orí kan ilẹ̀, ó bẹ Ògún. Ó wá dojú kọ kókó tí ó ta. Ó ti ta wọ́n le, ó sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlú dúró wò ó, tọmọdé tàgbà, kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màrìwò já sílẹ̀, Àbẹ̀ní ti kọjá lára rẹ̀ kí ó tó nàró, ó ti gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Wọ́n gbé Ògúntóyìn wọlé. Fásanmí ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn síta. Jeremáyà sì lọ tú ti ẹnu ọ̀nà ààfin.

Ọmọ náà kò kú. N kì í fi ọ̀rọ̀ bí èyí dá ènìyàn lóró, nítorí náà mo sọ ọ́ báyìí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, tí ewéko ti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Àbẹ̀ní gba ẹnubodè jáde lọ wa amọ̀. Ògúntóyìn ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gan, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ògúngbèmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, láìwọ ẹ̀wù, ó ń roko ọ̀nà. Ó nàró nígbà tí ó rí wọn. Kò sẹ́ni tó ti bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

“Yèyé, o káre o. Mo rí i pé ọmọ ti ń rìn. Ọpẹ́ ni.”

Àbẹ̀ní dúró. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá, ó wò ó títí ó fi jìnnà díẹ̀.

“Ó ń rìn,” ni ó wí. “Ká ní ìgbà tí mo kúnlẹ̀ fún ọ lo tú u ni, ì bá máa sáré.”

Ó gbé agbọ̀n amọ̀ rẹ̀, ó sì lé ọmọ rẹ̀ bá.